Áńpílífáyà tó bá sípíkà Quad àtijọ́ mu

Áńpílífáyà ló ṣáájú sípíkà. Ní 1953 ni ilé-iṣẹ́ Peter Walker ní Huntingdon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Quad II jáde. Sípíkà tẹ̀ lé e ní 1957. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, tí iná mànàmáná ń mì, ló ń mú ohùn jáde nínú rẹ̀. Bí áńpílífáyà bá lágbára jù, iná yóò dá ike náà lu.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Quad II, oníwáàtì 15. Méjì ni ẹ óò rà, ọ̀kan fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tètè tàn án o! Kàpásítọ̀ àtijọ́ a máa jò, fáàfù KT66 a sì pọ́n bí ẹ̀yinná. Ẹ pààrọ̀ kàpásítọ̀ ná.