Ta Ló Ni Ìpinnu Lórí Ibùsùn Àìsàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé dókítà tí kò bá fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára títí tó fi kú ti dá ọ̀ràn. Ẹjọ́ kan tó ṣẹ̀ láti ọdún 1991 ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ ní Nàìjíríà. Abiyamọ kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ ẹ̀jẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì fara mọ́ ọn. Dókítà Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí ní kí Okonkwo lọ rọ́ọ́kún nílé fún oṣù 6. Àmọ́ ní 2001, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a láre: àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ ikú ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹbí ló ń sin òkú, kí ló dé tí àṣẹ kò ní wà lọ́wọ́ ẹbí? (Ká sòótọ́, ẹbí náà ló sábà máa ń san owó ọsibítù.) Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í ra ẹ̀rí-ọkàn ẹlòmíì. Ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú náà sì ní ààlà: ní 2019, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dájọ́ pé òbí kò lè torí ẹ̀sìn kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.