Wèrè Dùn-ún Wò, Kò Ṣeé Bí Lọ́mọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ice àti Orí Tó Dàrú

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ènìyàn méjì ni òwe yìí mọ̀: ẹni tó ń wò ó láàárín ọjà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì lè gba ilé lọ nígbà tí ìran bá sú u, àti ẹni tó bí i, tí kò ríbi lọ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà tí kò dárúkọ. Ẹni náà ń wò ó láti mọ ohun tó fà á, ó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, ó ń béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó rọlẹ̀. Lórí oògùn methamphetamine, tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní ice, ẹnì kẹta yìí ló ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyá ọmọ gbọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, fídíò ń tẹ̀lé fídíò wọ orí fóònù wa láti ilẹ̀ Ìgbò: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń nà ní gbangba nítorí mkpuru mmiri, orúkọ tí wọ́n ń pe ice lọ́hùn-ún. Àwa ará Òfin ní Ṣàgámù náà wò ó, a fi ránṣẹ́ síra wa, a sì padà sídìí iṣẹ́ wa. Kò sí ìwé ìṣègùn kan tó ka pàṣán mọ́ oògùn, ṣùgbọ́n pàṣán ni gbogbo wa ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa. Ní Ṣàgámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Bẹ́nì. Ohun tí wọ́n bá ń kó kiri ilẹ̀ yìí, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá. Ọdún 2011 ni àjọ NDLEA kọ́kọ́ já wọ ibi tí wọ́n ti ń po ice ní Èkó. Ní 2016, wọ́n rí òmíràn tó tóbi gan-an ní Àsàbà, àwọn ará Mexico sì wà lára àwọn tí wọ́n mú níbẹ̀. Ìwádìí ìjọba lórí oògùn olóró, èyí tí wọ́n ṣe ní 2017, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, bíi 14 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ó lé ní 22. Igbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ice kéré. Àwọn kan fi èyí tu ara wọn nínú. Èmi kò rí ìtùnú kankan níbẹ̀, nítorí ohun tó kéré yìí ni ó ń da orí rú jù.

Àwa tí a ń ta obì láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí òun sùn. Awakọ̀ wo ló gba Rẹ́mọ kọjá lóru tí kò ní gbànja lẹ́nu? Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú obì kàn ń dí oorun lọ́nà ni. Ti ice yàtọ̀. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan ṣe pàtàkì, pé kí a fiyè sí i. Ice á wọ inú iṣan ọpọlọ, á ti dopamine jáde kọjá ààlà, á sì dí ọ̀nà tí ìyẹn ń gbà padà. Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀: ọkọ̀ tó dúró níwájú ilé, ikọ́ tí aládùúgbò wú, orúkọ tí ẹnì kan pè lójú pópó. Oògùn náà kì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ ṣì kù. Ẹni tó lò ó léraléra lè má sùn fún òru mẹ́ta, àìsùn fúnra rẹ̀ sì tó da orí rú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí lórí àwọn aláìsàn tí ice da orí wọn rú ní Ọsirélíà, Japan, Philippines àti Thailand, ènìyàn 168 lápapọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2003. Ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ ló ti gbà rí pé wọ́n ń dọdẹ òun. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pariwo nílé wa pé ìyàwó bàbá òun ló fẹ́ pa òun, tàbí pé ìyá àgbà wọlé tọ òun wá lóru, ta ni yóò rántí béèrè ohun tó fà símú? Ẹ̀rù tí oògùn gbé wá ti bá ẹ̀rù tó ti wà nínú ilé pàdé. Lójú ẹsẹ̀, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá.

Àwọn baba wa pín wèrè sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, ti ìran, àti àfiṣe. Lóde òní, a ti fi ìkẹrin kún un, ìyẹn àfọwọ́fà, ibẹ̀ ni a sì ń ti gbogbo ọmọ tó lo oògùn sí. Àfọwọ́fà rẹ̀ ni, a ó ní, a ó sì ṣíwọ́. Ibi tí a ti ṣíwọ́ yìí gan-an ni àwọn olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé oògùn ló ya ọmọ yìí ní wèrè, àbí wèrè tó ń bọ̀ ló tì í sídìí oògùn? Philip Connell, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé ní 1958 lórí aláìsàn 42 tí amphetamine, ẹ̀gbọ́n ice, dà lórí rú. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn yá kíákíá nígbà tí oògùn náà kúrò lára wọn. Àwọn kan kò gbà pé oògùn náà ló fà á. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, John Griffith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ní amphetamine nínú ilé ìwòsàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ènìyàn. Ta ló máa gbà kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ lónìí?

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni ti Rebecca McKetin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà, tí èsì wọn jáde ní 2013. Wọn kò fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn. Ènìyàn 278 ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ń fi oṣù tí ẹnì kan lo ice wé oṣù tí ẹni yẹn kan náà kò lò ó. Ìran kan náà ni, orí kan náà ni. Oògùn nìkan ló yí padà. Ní oṣù tí wọn kò lò ó, nǹkan bíi 7 nínú 100 ni orí wọn dàrú. Ní oṣù tí wọ́n lò ó fún ọjọ́ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di 48. Ẹjọ́ oògùn dá ṣáká níbẹ̀.

Síbẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ní Japan, níbi tí oògùn yìí ti kún ìgboro lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì títí ìjọba fi ṣòfin dè é ní 1951, àwọn dókítà rí àwọn tó ti jáwọ́ pátápátá, tí wèrè kò jáwọ́ lára wọn. Ní Finland, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́jọ, bíi 30 nínú 100 àwọn tí amphetamine kọ́kọ́ da orí wọn rú ló padà ní àìsàn ọpọlọ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ní Taiwan, wọ́n rí i pé àìsàn yìí pọ̀ nínú ẹbí àwọn tí ice ya ní wèrè ju nínú ẹbí àwọn tó lò ó tí orí wọn kò dàrú lọ. Ó sì tún pọ̀ sí i nínú ẹbí àwọn tí tiwọn kò lọ bọ̀rọ̀. Àfọwọ́fà àti ìran ń gbé nínú ara kan náà. Ẹni tó ní àfọwọ́fà lásán ni kò tíì wádìí délé.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ wa. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Ábẹ́òkúta, dókítà Tolani Asuni kọ̀wé ní 1964 lórí wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, T. A. Lambo sì tẹ̀lé e ní 1965. Lambo yìí kan náà ló ní kí aláìsàn máa gbé abúlé tó yí Arò ká pẹ̀lú ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n sábà máa ń yìn ín fún. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìwádìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹbí ló mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣàgámù níbí, tàbí sí Arò, kí ẹ tó wá ọ̀tá lọ. Ẹ sọ orúkọ oògùn náà bí ọmọ náà ṣe ń pè é. Ẹ sọ ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. Bí ẹnì kan ní ìdílé bàbá tàbí ti ìyá bá ti ní irú rẹ̀ rí, ẹ má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí ó bá sì pé oṣù kan tó ti jáwọ́, tí ohùn tó ń gbọ́ kò tíì dákẹ́, ẹ má rò pé ó tún ti lọ fà á ni. Ẹ mú un padà lọ bá dókítà.