Ta ló lè dá ẹ̀rọ dúró?

Bí ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́, ohun kan náà la máa ń bi ara wa: ṣé kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa báyìí? Lónìí, mo fẹ́ ká gba ibòmíì wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń ṣàǹfààní níléeṣẹ́ kan, tó sì di ẹrù sí òmíì lọ́rùn? Ilé ńlá kan wà ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

General Motors, ìyẹn GM, ló kọ́kọ́ ń ṣe mọ́tò níbẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ ò dáa rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ, àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, àárín àwọn àti ọ̀gá ò sì gún. Lọ́dún 1982, GM ti ibẹ̀ pa. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Toyota bá GM dòwò pọ̀, wọ́n ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI. Ta ni wọ́n gbà síṣẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ló pọ̀ jù níbẹ̀!

Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn lọ sí Jàpáànù kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ta okùn kan sókè orí wọn níbi iṣẹ́: ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó fà á. Bí wọn ò bá tètè yanjú ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Láyé GM, ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró ti wọ gàù nìyẹn. Nígbà tí ọjà sì kùtà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọn ò lé òṣìṣẹ́ kúrò, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Àwọn olùwádìí láti MIT ka àléébù ara mọ́tò wọn: 45 ni wọ́n rí nínú 100 mọ́tò, iye kan náà pẹ̀lú iléeṣẹ́ Toyota ní Takaoka, ní Jàpáànù. Lásìkò yẹn kan náà, GM ń náwó bí ẹlẹ́dà sórí rọ́bọ́ọ̀tì láwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ míì. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ní Hamtramck, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó yẹ kó kun mọ́tò ń kun ara wọn lọ́dà.

Níbo ni èrò okùn yẹn ti wá? Ìdí aṣọ híhun ni. Ọmọ káfíńtà ni Sakichi Toyoda. Lọ́dún 1924, òun àti ọmọ rẹ̀, Kiichiro, parí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó ń pààrọ̀ ọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀. Bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ náà á dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àwọn ahunṣọ òkè n'Ísẹ́yìn mọ̀ pé òwú tó já tí wọn ò tètè so, ó ti ba aṣọ jẹ́ nìyẹn. Nítorí pé ẹ̀rọ náà mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ẹnì kan lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ. Lọ́dún 1929, iléeṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sanwó kí wọ́n lè máa ṣe irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Fremont. NUMMI kógbá sílé lọ́dún 2010, Tesla sì ra ilé náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Model 3, wọ́n fẹ́ kí rọ́bọ́ọ̀tì ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ akẹ́rù tí wọ́n tò kiri inú ilé lọ́jú pọ̀ débi pé ó dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Wọ́n tú u dànù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Elon Musk fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí Twitter pé àṣejù ni, pé ẹ̀bi òun ni, àti pé a ò ka èèyàn sí tó. Ní ìparí oṣù kẹfà ni wọ́n tó ṣe 5,000 Model 3 lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àgọ́ ńlá síta tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá wọn tò lára mọ́tò náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà dunjú, kó tún un ṣe, kó tó fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Torí náà, bí ọ̀gá yín bá gbé ẹ̀rọ tuntun dé lọ́la, ẹ má kàn bi í pé iṣẹ́ èèyàn mélòó ló máa ṣe. Ẹ bi í pé: bó bá ń ṣàṣìṣe, ta ló láṣẹ láti dá a dúró nínú wa?

Ó dìgbà kan ná o.