Bí A Ti Ń Pa Ẹ̀wà Mọ́ Lọ́wọ́ Kòkòrò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn yóò rí àpò ẹ̀wà tí a tò jọ bí òkè. Láti Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ọ̀tá wọn sì ń bá wọn bọ̀. Láti oko ni kòkòrò kékeré kan ti máa ń yé ẹyin sí ara èèpo ẹ̀wà. Ọmọ tí ó bá jáde a dá ihò wọ inú hóró, a sì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi hu ìyẹ́.

Àwọn ìyá wa kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Wọn a jọ eérú kí ó kúnná, wọn a sì fi po ẹ̀wà. Eérú a dí àárín hóró, a sì gbẹ omi ara kòkòrò. Àwọn mìíràn a lo ata gbígbẹ tàbí òróró. Nígbà tí igi dóńgóyárò ti ilẹ̀ Íńdíà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀rúndún ogún, a fi ewé àti kóró rẹ̀ kún un.

Àwọn kan ka èyí sí àṣà àgbà lásán. Ṣùgbọ́n ní 1978, àwọn olùwádìí IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, tẹ̀ ẹ́ jáde pé mílílítà 5 òróró ẹ̀pà, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì kan, tó láti dáàbò bo kìlógíráàmù ẹ̀wà kan fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí ni ó dé, nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìyàwó ilé lè po kóńgò kan. Oníṣòwò kò lè po ọgọ́rùn-ún àpò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe na ọwọ́ sí dichlorvos, májèlé tí ó wà nínú ọ̀tapíápíá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ti Nàìjíríà, nítorí tí májèlé náà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ní 2019, NAFDAC ka títà rẹ̀ nínú ìgò kékeré léèwọ̀. Ẹ̀wà tí òkèèrè kọ̀, àwa àti àwọn ọmọ wa ni a ń jẹ ẹ́.

Fún oníṣòwò, àpò onípele mẹ́ta wà nísinsìnyí tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá. Kòkòrò inú rẹ̀ a kú láìsí májèlé. Fún ilé wa, eérú àti òróró kò tíì tán. Ó tọ́, nítorí náà, kí olúkúlùkù wa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà fún un pé, kí ni o fi pa ẹ̀wà yìí mọ́?