Iná Akẹ̀sán Tí Kò Kú Nínú Ọkàn

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́, ni ó jẹ́ kí òwe yìí yé mi dáadáa. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá dáná sun pàǹtí ládùúgbò, àyà òun á máa já, ẹsẹ̀ òun á sì máa gbọ̀n. "Ọmọ mi, wọ́n ti tún ọjà kọ́ o, àmọ́ iná yẹn ṣì ń jó lójú mi."

Iná tí ó ń wí ni ti òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, 5 January 2020, tí ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ di eérú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà náà kọ́, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àti ìsọ̀ nìkan ni etí mi ń gbọ́ nígbà náà. N kò gbọ́ kí ẹnìkan béèrè bí àwọn oníṣòwò ṣe ń sùn lóru.

Akẹ̀sán sì ti mọ ìparun tipẹ́. Ní Ọ̀yọ́-Ilé ni ó ti wà kí ogun tó tú ìlú náà ká. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní àwọn ọdún 1830, orúkọ ọjà ọba bá wọn wá. Àwọn tó sá àsálà kò gbé orúkọ nìkan wá, wọ́n gbé ohun tí ojú wọn rí wá pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ ẹbí àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sá lọ nígbà náà.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kò fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìtọ́jú yẹn. Láti 1954 ní Àró, ó ní kí aláìsàn máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, kí ó máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. A máa ń fi Àró ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ gbogbo ayé ló wá kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973.

Àjọ kan náà yìí ni ó kọ ọ́ ní 2013 pé kí wọ́n máa lo ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní EMDR fún ẹni tí ìrántí jàǹbá ń dà láàmú. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é! Francine Shapiro, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Ní 1987 ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú ọgbà ìtura kan ní California, èrò burúkú sì ń gba ọkàn rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí ojú òun ti ń lọ sọ́tùn-ún sósì ni èrò náà ń fúyẹ́. Ó dán an wò lára ènìyàn 22, àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam bọ̀ àti àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ wà lára wọn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Oníṣègùn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ẹni, yóò sì kọ́ ọ bí yóò ṣe fara balẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ó fi ojú inú wo ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì sọ bí ó ti ń dùn ún tó, láti òdo dé 10. Oníṣègùn á wá máa mi ìka sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ̀, onítọ̀hún á máa fojú tẹ̀ lé e láìyí orí, fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Wọn á dúró. "Kí lẹ rí báyìí?" Wọn á tún bẹ̀rẹ̀, títí nọ́ńbà yẹn á fi wálẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà á o. Àwọn kan ní kì í ṣe ojú ló ń ṣiṣẹ́ náà, pé rírántí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Àwọn mìíràn, pàápàá ní Netherlands, ní ọpọlọ kò lè gbé ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan: bí ó ti ń tẹ̀ lé ìka, àwòrán jàǹbá náà á máa ṣú. Èmi fara mọ́ ti ìkejì yìí. Ẹ ò rí ẹni tó ń ka owó ọjà, bí wọ́n bá pè é, ṣé ó ń gbọ́? Ìrántí náà kò ní parẹ́. Ìgbọ̀nrìrì ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá kí ó lọ.

Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìka ara rẹ̀ ṣe nílé o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn ní Ọ̀yọ́, UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Kí ó béèrè níbẹ̀ ẹni tó kọ́ ìtọ́jú ìrántí jàǹbá, kí ó sì mú ẹbí kan dání, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Àró.