Apẹ̀tù Inú Ṣọ́ọ̀kì

Bí ọ̀kadà bá kó sí gálọ́ọ̀pù lójú ọ̀nà Ìlá-Ọ̀ràngún sí Òkè-Ìlá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dún gbàà, ohun tí ọlọ́kadà máa sọ fún mẹkáníìkì kò ju “ṣọ́ọ̀kì ti kú” lọ. Iṣẹ́ méjì ló sì wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Sípíríìnì ń gbé ẹrù; ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ń fi agídí gba ihò tóóró kọjá, kí sípíríìnì má baà máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí táyà ti jáde nínú kòtò. Èwo ló wá kú? Ká tó lè dáhùn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. Kò dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, a ò sì lè torí ìyẹn bá wọn wí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìnì. Wọ́n ti di tiwa. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kò tíì lórúkọ.

Mo ro ti ọ́ìlì sí ìjánu, àmọ́ bíréèkì ti gba ìyẹn. Ṣe ni ọ́ìlì ń pẹ̀tù sí sípíríìnì tí inú ń bí. Apẹ̀tù, nígbà náà (kí àwọn olóyè tó ń jẹ́ Apẹ̀tù má bínú). Ẹ tẹ ìdí ọ̀kadà mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì: bó bá ń jó lọ jó bọ̀, apẹ̀tù ló kú.

Ó tún ku ohun tó ń mú ọ̀kadà rọlẹ̀. Lókè òkun, àwọn tó ń gun Harley-Davidson ńlá rìnrìn-àjò a máa fi ṣọ́ọ̀kì kúkúrú pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè kanlẹ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ nìyẹn. Àyè tí táyà fi ń lọ sókè á dín kù, kòtò kékeré á sì máa gbá ẹni tó jókòó nídìí. Tiwa ní Ìlá, ẹrù ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: èrò méjì, àpò gàrí láàárín. Bí ọ̀kadà bá ti rọlẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè yẹn lọ, kò sí ìtura mọ́.

Láti gbé e padà sókè, òrùka alátẹ̀gùn kan wà nídìí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Mẹkáníìkì á ki sùkùrúdíráfà bọ̀ ọ́, á fi hámà gbá a, òrùka á gun àtẹ̀gùn kan, sípíríìnì á sún kì díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn sílẹ̀ kó tó rí ẹran ni. Mo pè é ní àkìsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ sípíríìnì di líle o, ó kàn ń gbé ìdí ọ̀kadà ga ni. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le, kó lọ rà á.

Fọ́ọ̀kì iwájú ló ń dà mí láàmú. Inú páìpù kan náà ni sípíríìnì àti ọ́ìlì wà níbẹ̀, kò sí ibi téèyàn máa nawọ́ sí pé apẹ̀tù rèé. Fọ́ọ̀kì ni mo ṣì ń pè é.