Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Irè Oko Ń Ka Ojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tábà kan la mú wá lónìí.

Ní 1906, irú tábà kan yọ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ewé rẹ̀ pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n kì í tanná títí òtútù yóò fi dé pa á. Ta ló fẹ́ gbin ohun tí kò ní fún un ní irúgbìn ọdún tó ń bọ̀? Inú ilé onígíláàsì nìkan ló ti ń tanná, nígbà òtútù.

Ọ̀gbẹ́ni Garner àti Ọ̀gbẹ́ni Allard, òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, ń wádìí rẹ̀ ní oko àyẹ̀wò Arlington. Wọ́n fi aṣọ ṣíji bo ẹ̀wà sóyà kí oòrùn má baà mú jù. Ìgbà tó ń tanná kò yí padà. Ó wá ku gígùn ojúmọ́.

Wọ́n kan àgọ́ kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1918, wọ́n gbé ìkòkò tábà 3 àti àpótí sóyà kan wọ inú rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì gbé wọn jáde ní aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ wákàtí 7 péré ni wọ́n ń rí, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì wà níta látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn: ohun kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà. Ká ní wọ́n tún bu ajílẹ̀ sí ti inú àgọ́ ni, ta ni ì bá mọ èyí tó ṣiṣẹ́?

Tábà inú àgọ́ tanná. Tìta ń ga sí i ṣáá ni. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1920. Ní 1938, Hamner àti Bonner fi èpò kan hàn pé òkùnkùn òru gan-an ni ewéko ń kà. Bí a bá tan iná sí i díẹ̀ láàárín òru, ìṣírò rẹ̀ dàrú.

Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Síbẹ̀ ọkà bàbà ìbílẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a tètè gbìn àti èyí tí a gbìn lẹ́yìn rẹ̀ fi ń yọ orí ní àkókò tó sún mọ́ra, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó pẹ́ nílé kàn máa ń kúrú ni.